Àlẹ̀mọ́ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ìwé Ọ̀gá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Nọ́ńbà ti fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà nínú ilé ìkàwé náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ìwé tó lè dé orí pẹpẹ láì kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Á wo iwájú rẹ̀, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, lẹ́yìn náà á fa ìwé ńlá pupa kan jáde, èyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí òfin fọwọ́ sí sínú rẹ̀, á sì mú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ fi júwe ohun tí ìwé náà dá lé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé pupa, kò sí láyé nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá béèrè ìwé tí yóò sọ ìdí tí adìẹ rẹ̀ fi ń kú, Ìyá Nọ́ńbà á ti awò ojú rẹ̀ sókè, á ní kó lọ wo abẹ́ "Àrùn Ohun Ọ̀sìn Abìyẹ́". Ọ̀pọ̀ wọn á dúpẹ́, wọn á yíjú padà, wọn á lọ sílé lọ máa wo adìẹ wọn níran.

Ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé náà kéré sí i lọ́jọ́ orí ní bí ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, ipò ló ni àgbà. Ọ̀gá Àpérò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí àpérò tí wọ́n ṣe tí kò lọ, kò sì sí èyí tó lọ tí kì í gbé nǹkan bọ̀. Lọ́dún kan, ó gbọ́ níbẹ̀ pé aga pupa ń mú kí ènìyàn yára kàwé. Bó ṣe dé, ó ní kí wọ́n kun gbogbo aga, ọ̀dà sì ń lẹ̀ mọ́ ìdí àwọn òǹkàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkànnì ayélujára ló gbé bọ̀.

Ó pe ìpàdé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ó ní ayé ilé ìkàwé adákẹ́jẹ́ẹ́ ti kọjá, pé àwọn òǹkàwé ti kó lọ sórí fóònù, ibẹ̀ ni àwọn náà yóò sì lọ bá wọn. Ilé ìkàwé yóò ṣí ojú ewé tirẹ̀, yóò máa fi fọ́tò síbẹ̀, yóò máa dáhùn ìbéèrè, yóò sì kó ọmọlẹ́yìn jọ. Ó pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ó sọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di olóòtú fídíò. Ó sọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ di alágbàsọ fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé fóònù tiẹ̀ ló dára jù. Nígbà tó kan Ìyá Nọ́ńbà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní tirẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n ní yóò wà lórí ìkànnì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ọ̀kan lè kọ ọ̀rọ̀ tó bá wù ú sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíì tó bá wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé náà ni yóò gbé jáde fún un. Àlẹ̀mọ́ ni wọ́n ń pè é níbi àpérò.

Ìyá Nọ́ńbà béèrè ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé pupa.

"Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá," ni ọ̀gá wí. "Ohùn òǹkàwé ni. Ẹ ò gbọdọ̀ pa ẹyọ kan rẹ́ níbẹ̀."

Kó má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì Ìyá Nọ́ńbà.

Oṣù àkọ́kọ́ ò mú nǹkan gidi wá. Ọmọlẹ́yìn mẹ́tàlélógójì ni wọ́n rí, mọ́kàndínlógún nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹbí òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Àpérò ń ya fọ́tò kiri: fọ́tò àtẹ̀gùn, fọ́tò aga, fọ́tò ara rẹ̀ níbi tó ti ń ka ìwé tó dorí kodò. Ní àràárọ̀, kó tó jókòó rárá, á béèrè iye àwọn tó tẹ àtàǹpàkò sí i. Bó bá ju ti àná lọ, ara á tu gbogbo ibi iṣẹ́. Bó bá dín, ìpàdé ni. Ní gbogbo àkókò yìí, òrùlé yàrá ìwé ìròyìn ń jò, kò sì sẹ́ni tó ń gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ mọ́, torí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ wà nídìí fídíò.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ àlẹ̀mọ́ tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Sábẹ́ ìwé ìtọ́jú aláboyún, ẹnì kan kọ pé: "Ẹ fún ọkọ yín kà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn." Sábẹ́ ìwé òfin ilé gbígbé: "Onílé ò fẹ́ kí ẹ rí èyí." Sábẹ́ ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé: "Ó ń gba gbogbo tábìlì, ẹ tètè dé." Sábẹ́ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dá lé òtútù, ẹnì kan kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó ní òun ń ta fíríìjì tó ṣì dára.

Bí wọ́n bá na Ìyá Nọ́ńbà lẹ́gba ní gbangba, kò lè dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pé wọ́n ti sọ iṣẹ́ òun di ẹ̀fẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gba fóònù, ó ka àlẹ̀mọ́ bíi mẹ́wàá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó bá òun gba mẹ́ta nínú àwọn ìwé náà bọ̀ lọ́la. Obìnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ mú un ronú. Ọkùnrin náà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà síbi pẹpẹ kẹsàn-án, ó yọ ìwé kan. Ìyá Nọ́ńbà mọ ìwé náà. Ọdún mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, nítorí abẹ́ "Ìṣirò Onígun Nínú Iṣẹ́ Aṣọ" ló fi sí. Ó bi í bó ṣe rí i. Aránṣọ ní kọ́là ẹ̀wù ló ń da òun láàmú, òun sì tẹ "kọ́là" sórí fóònù, ìwé yìí ló jáde, torí pé ẹnì kan ti kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mo gé kọ́là láì sunkún." Ìyá Nọ́ńbà padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ṣí ìwé pupa, ó wá kọ́là títí, kò rí i.

Ọ̀gá Àpérò náà ti kọ ìwé rí. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìdarí, Ìtọ́sọ́nà àti Àmójútó Ilé Ìkàwé Òde Òní: Ìpìlẹ̀, Ìlànà, Ìpèníjà àti Ìrètí", ojú ewé rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀ta lé méjìlá. Ẹ̀dà mẹ́fà ló fi ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, ó ní kí wọ́n tò ó síbi tí ojú á ti kọ́kọ́ rí i. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á, onítọ̀hún sì dá a padà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ṣì í mú ni.

Lọ́jọ́ kan, àlẹ̀mọ́ kan yọ lábẹ́ rẹ̀: "Oògùn oorun." Lọ́jọ́ kẹta, òmíràn tẹ̀ lé e: "Òótọ́ ni. Ojú ewé mẹ́ta péré, mo ti ń hanrun." Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rọ́ wá. "Ẹ má kà á lórí ìdúró." "Ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín, ó gbà á wò, òun náà sùn lọ." "Orí kẹrin ló lágbára jù. Ẹni tó bá ń mu kọfí ni kó lo ìyẹn." Láàárín oṣù kan, ẹ̀dà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jáde, ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ti fi orúkọ sílẹ̀ pé àwọn ń dúró dè é.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ. Ọ̀gá kì í ka àlẹ̀mọ́. Iye nìkan ló ń kà. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìparí oṣù dé iwájú rẹ̀ tó rí i pé ìwé tirẹ̀ ni wọ́n gbà jù, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbọ́ tó ń súfèé nínú ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ náà, ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì. Ó ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, òun yóò pe ìgbìmọ̀ alábòójútó wá, àwọn tó gba ìwé náà yóò sì sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀.

Ìyá Nọ́ńbà lọ bá a nínú ọ́fíìsì. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ wo àwọn àlẹ̀mọ́ abẹ́ ìwé rẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ọ̀gá mi orí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì sínú ìgbéraga, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń ṣọ́ ẹnu àwọn òǹkàwé, pé lójú agbo ni òun náà á ti rí i. Ìyá Nọ́ńbà padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì kan péré, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Ó gbé ìka sí i, ó wo bébà olóǹtẹ̀ tó wà lára ògiri, ó gbé ìka kúrò. Òfin ọ̀gá ló pa mọ́, òótọ́ ni. Òótọ́ tún ni pé ó ń rántí ọ̀dà aga tó ba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dára jù jẹ́.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Alága ìgbìmọ̀, ìyá kan tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí, jókòó níwájú. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n sì tan ojú ewé ìkànnì tí ìwé náà wà sórí rẹ̀, gàdàgbà, tòun ti àlẹ̀mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọ̀gá kọ sí i, òun dojú kọ èrò. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ọkùnrin méjì sì ti ń tòògbé kó tó ní kí ẹni tí ìwé náà ṣe lóore bá wọn sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dìde, arúgbó tó mọ́ tónítóní.

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi," ló wí. "Láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ, mi ò sùn ju wákàtí méjì lọ lóru. Ọdún méjì gbáko. Mo lo oògùn, mo gbàdúrà, mo kà láti ọ̀kan dé ẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé yín, ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí ìjókòó."

Ojú ọ̀gá kún fún omijé ayọ̀. Ó ní kí màmá jọ̀ọ́ sọ fún ìgbìmọ̀, ibo gan-an nínú ìwé náà ló wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀?

"Mi ò lè mọ̀, ọmọ mi," ni màmá dáhùn. "Mi ò tíì dé ojú ewé kẹrin rí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kejì gbà á, ó di ariwo. Alága ìgbìmọ̀ fi ìwé ètò bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni ọ̀gá tó yíjú sẹ́yìn wo ògiri. Àlẹ̀mọ́ mẹ́rìndínlógójì ló wà níbẹ̀, ó sì kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kó tó gbé báàgì rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bébà olóǹtẹ̀ tuntun dé: kí wọ́n pa gbogbo àlẹ̀mọ́ rẹ́, lábẹ́ gbogbo ìwé. Ọjọ́ méjì ni Ìyá Nọ́ńbà fi ṣe é, ó sì ṣe ohun tí kò rò pé òun lè ṣe: kó tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ dà á kọ sínú ìwé ìkọ̀wé kan, tó fi mọ́ ti fíríìjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀dà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti padà sórí pẹpẹ, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ò sì wá gbà á mọ́. Aránṣọ ò wá mọ́. Nígbà tó di òpin oṣù, ẹnì kan ṣoṣo ló gba ìwé ọ̀gá. Ọ̀gá jáde lọ́sàn-án, ó dúró níwájú tábìlì Ìyá Nọ́ńbà bí ọmọ ilé ìwé.

"Ìyá, nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń wá?"

Ó sọ òótọ́ fún un: màmá wá lánàá, ojú rẹ̀ wú. Ó ti dá ìwé náà padà nígbà tí ọjọ́ pé, ó fẹ́ tún un gbà, àmọ́ àkọlé náà gùn ju ohun tí orí rẹ̀ lè gbé lọ, ó sì tẹ "oògùn oorun" títí, kò rí nǹkan kan. Òun fúnra òun ló lọ mú un fún wọn.

"Ẹ dá àwọn àlẹ̀mọ́ náà padà," ni ọ̀gá wí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú. "Ẹ bá mi yọ ti ìhanrun yẹn kúrò, Ìyá."

Ìyá Nọ́ńbà dá gbogbo rẹ̀ padà láti inú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ó yọ ti ìhanrun. Ó yọ ti fíríìjì náà, ìyẹn fúnra rẹ̀ ló pinnu rẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Apá kejì ìwé ọ̀gá jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò ju àádọ́sàn-án ojú ewé lọ. Ó kọ ìtàn aga pupa síbẹ̀, ó kọ ti Ọjọ́bọ̀ náà, kò sì fi ẹ̀rín alága pa mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àlẹ̀mọ́ fi yọ lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ má gba èyí o. Mo kà á tán láìsùn, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́." Ọ̀gá wá bi Ìyá Nọ́ńbà bóyá èébú ni tàbí ìyìn. Ó ní ìyìn ni. Ọ̀gá ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun.

Nígbà tí páálí ìwé tuntun mìíràn dé, Ìyá Nọ́ńbà yọ èyí tó wà lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tó jókòó nítòsí fèrèsé.

"Màmá, ẹ bá mi ṣí i wò. Bí ẹ bá ń wá irú ìwé báyìí, kí lẹ máa pè é?"

Nọ́ọ̀sì gbà á, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì fa aga kan sún mọ́ ara rẹ̀ kí obìnrin náà lè jókòó.