Ọbẹ̀ Olú Ìyá Lájídé

"Okun o, ìyàwó mi. Mu ún kó tó tutù." Ìyá Lájídé gbé àwo ọbẹ̀ olú ka iwájú Sarah, ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Sarah mu ún. Ọbẹ̀ náà dùn. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìyá ti ń ṣa olú lóko wọn ní Ayewa, tó ń gbé e wá sí Kabba, nítorí kókó tó yọ sí ọyàn ọ̀tún Sarah. Ẹnì kan ló sọ fún un pé olú a máa pa jẹjẹrẹ.

"Kókó yẹn ńkọ́ lónìí?"

"Ó ti ń yọ́, Ìyá," ni Sarah wí, bó ti máa ń wí. Ta ló fẹ́ wo ojú ìyá ọkọ tó ti inú ìrì bọ̀, kó sọ pé ohun tó sè kò jẹ́?

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀! Mo ti sọ fún pásítọ̀, ọjọ́ Ìsinmi la máa dúpẹ́. Mo sì ti ní kí Lájídé sọ fún onímọ́tò pé ẹ ò lọ Ìlọrin mọ́. Kí la fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

Ọbẹ̀ pá Sarah lórí. Ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀ ní ọsibítù Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà Bámigbóyè ti là á yé e pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan ń yẹ ohun tó wà nínú olú wò, bóyá ó lè ran ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà. Kó máa jẹ ẹ́, oúnjẹ gidi ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ kókó náà kó tó ràn. Ẹ̀rù bà á. Bí ó bá tún dákẹ́, ìtìjú ni yóò pa á.

Ó mú ọwọ́ Ìyá, ó gbé e lé ọyàn náà.

Ìyá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Háà! Ó tún tóbi sí i!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mo parọ́ fún yín. Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni."

Ìyá fi etí gèlè nu ojú, ó pòṣé. "Ọmọ yìí, o ò gbọ́n! Torí kí inú mi má bàa bàjẹ́ lo ṣe fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ó bọ́ sójúde, ó lọgun pe Lájídé kó sáré lọ bá onímọ́tò. Nígbà tó wọlé padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ tirẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ìlọrin ni. Ta ni yóò se olú fún ọ níbẹ̀? Àbí wọn kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ sùn ti ìyàwó?"

Sarah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Irọ́ wo ló wà nínú ìyẹn?" ni Ìyá wí, ó sì gbé ẹrù àwọn méjèèjì.