Àdúà fún Bàbá Jamilah

1.

…ni bàbá rẹ̀ kú. Àìsàn ọjọ́ kékeré ni. Wọ́n sin ín sí ojúde ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnká. Orí sàréè yẹn ni Jamilah máa ń jókòó sí láràárọ̀ kó tó lọ sáré. Ó ní bí òun bá ń sáré gun òkè Màpó, ó ń ṣe òun bíi pé bàbá òun ń wo òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.

(Misbaudeen, kọ́ọ̀ṣì Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀yá, ló kọ ọ́ sí àjọ kan ní Èkó tó ń fún ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn ọmọdé lówó ìrànwọ́.)

2.

Bàbá Jamilah ò kú.

3.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa sunkún lásán bí àwọn ará Èkó. Àkíbù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wọn gan-an. Òun ló rán ẹ̀wù tí àwọn ọmọ Ẹsẹ̀yá fi ń sáré, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Láràárọ̀ ni Misbaudeen ń gba ibẹ̀ kọjá, tó ń kí i pé, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Jamilah." Láràárọ̀ lòun náà ń dáhùn pé, "Kọ́ọ̀ṣì wa."

Sàréè wà lójúde lóòótọ́ ṣá. Bàbá tó bí Àkíbù ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọn ò kọ orúkọ sí i. Agbo ilé wo ní Bẹ́yẹrúnká ni kò ní irú ẹ̀? Ọmọdé ń jókòó sórí ẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ sí i. Misbaudeen rántí sàréè náà níbi tó ti ń kọ̀wé, ó sì bá a wá òkú.

4.

Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, òótọ́ ló kún inú ẹ̀. Pé ojú títì ni àwọn ọmọ ti ń sáré. Pé ọ̀kadà gbá Tóbilọ́ba lọ́jọ́ kan, orí ló kó o yọ. Pé àwọn fẹ́ háyà pápá kan, kí àwọn sì máa kó àwọn ọmọ lọ gun òkè tí iléèwé bá ti gba ìsinmi.

Èsì: *A dúpẹ́. Kò bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí.*

5.

OLÚGBÉNGA (ọ̀rẹ́ Misbaudeen, tó ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí, lórí fóònù): Egbò ni wọ́n fẹ́ rí, ìwọ ń fi ẹsẹ̀ tó le hàn wọ́n. Mú ọmọ kan. Jẹ́ kó ṣe wọ́n láàánú.

6.

Ó ṣe wọ́n láàánú.

*Arábìnrin Hilda láti ọ́fíìsì wa ń bọ̀ wá wo yín kí a tó fọwọ́ sí owó náà. Wọ́n máa fẹ́ kí ìyá Jamilah, kí wọ́n sì ṣàdúrà níbi sàréè bàbá rẹ̀.*

7.

Ohun tí Misbaudeen lè ṣe:

— kó jẹ́wọ́

— kó sọ pé Jamilah ti rìnrìn àjò

— kó jẹ́wọ́ tí owó bá ti dé

— kó jẹ́wọ́

— kó lọ bẹ Bàbá Jamilah pé kó kúrò nílé fún ọjọ́ kan péré

8.

*Nínú ṣọ́ọ̀bù.*

MISBAUDEEN (ó dọ̀bálẹ̀ sórí àjákù aṣọ): Ẹ bò mí láṣìírí, sà.

ÀKÍBÙ: Dìde. Kí lo kọ gan-an?

MISBAUDEEN: Pé… pé ẹ ti ṣaláìsí.

ÀKÍBÙ: Kí ló pa mí?

MISBAUDEEN: Àìsàn ọjọ́ kékeré.

ÀKÍBÙ: Hẹn.

(Ó wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ díẹ̀. Ó dúró.)

ÀKÍBÙ: Jamilah mọ̀?

MISBAUDEEN: Kò mọ̀, sà.

ÀKÍBÙ: Ṣé wọ́n á rí pápá yẹn gbà?

MISBAUDEEN: Wọ́n á rí i gbà.

ÀKÍBÙ: Màá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Yemẹ́tù lọ́jọ́ náà. Èmi ni màá sọ fún Jamilah. Ìwọ má sọ fún un.

Ká ní ó bú u ni. Ká ní ó tiẹ̀ gbá a létí. Ojú ti Misbaudeen débi pé kò lè gbórí sókè títí ó fi dé Ọjà'ba. Mo fẹ́ sọ pé ó sunkún lọ́nà. Kò sunkún. Ó ra gúgúrú, ó jẹ ẹ́.

9.

ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ

(ẹnu ni wọ́n fi pín in)

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Bàbá Jamilah lónìí.

10.

Àkíbù ò lọ sí Yemẹ́tù. Nígbà tí Misbaudeen máa fi mú àlejò dé, ọkùnrin náà ti wẹ̀, ó ti wọ jálàbíà funfun, ó ń fi aṣọ nu àga lójúde. Ó ní àlejò ò lè wọ ilé bàbá òun kó má bá ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ sí Misbaudeen létí, ó sì kọjú sí àlejò.

HILDA: Ẹ kú ilé o, sà. Ẹ kú àṣẹ̀hìndè. Ẹ̀yin ni…?

ÀKÍBÙ: Àbúrò rẹ̀ ni mí.

HILDA: Ẹ̀yin àti Jamilah mà jọra o.

ÀKÍBÙ: Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.

HILDA: Jamilah, ṣé bàbá kékeré ń tọ́jú ẹ dáadáa?

(Jamilah sorí kọ́.)

HILDA: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bàbá tèmi náà ò pẹ́ láyé, mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, Kristẹni ni mí, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ bá wa ṣàdúà fún wọn.

11.

Misbaudeen rò pé bàbá tó wà nínú sàréè ni ọkùnrin náà máa dárúkọ. Ọgbọ́n tó yẹ kó dá nìyẹn. Àdúà gidi ni ì bá jẹ́, ọkàn oníkálukú ì bá sì balẹ̀. Àkíbù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó fi Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí Yorùbá kí àlejò lè gbọ́.

"Ọlọ́hun Ọba, forí jin Àkíbù. Fẹ sàréè rẹ̀ fún un. Èyí tó ṣe tí kò dáa, bá a bò ó. Ọmọ tó fi sílẹ̀, má jẹ́ kí ojú tì í."

Àmín.

Àmín.

Ohùn Misbaudeen ló lọ sókè jù.

Kúlúsúmù, ìyàwó Àkíbù, fi ìbòrí bojú. Hilda gbá a mọ́ra.

12.

Jamilah ò ṣe àmín.

13.

*(Àtẹ̀jíṣẹ́ Hilda, sí Misbaudeen àti Kúlúsúmù.)*

*A bá yín yọ̀. Àjọ ti fọwọ́ sí i. Nítorí ìfẹ́ tí a ní sí ìdílé yìí, PÁPÁ ÌRÁNTÍ OLÓÒGBÉ ÀKÍBÙ ni a ó máa pe ibẹ̀. A máa ya àwòrán wọn sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò wọn tó dáa jù ránṣẹ́.*

14.

Àwọn ọmọ ń yọ̀. Tóbilọ́ba ti ń sọ fún gbogbo Pópó Yemọja pé àwọn máa tó ní pápá.

Misbaudeen ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Oníyanrìn ló ń gbà yí wá, ọ̀nà jínjìn, nínú oòrùn. Kí ló fẹ́ pe ọkùnrin náà tó bá fẹ́ kí i? Ó dán an wò nílé, òun nìkan, níwájú dígí. Ẹ kú àárọ̀, Bàbá… Ojú tún tì í.

Jamilah ṣì ń wá sáré. Ó ń kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ. Kì í wojú ẹ̀.

15.

*(Láti orí fóònù Kúlúsúmù.)*

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Jamilah ni.

Bàbá mi ti wẹ̀, wọ́n ti jókòó de fọ́tò.

Wọ́n ní kí n bi yín bóyá kí àwọn dé fìlà.

Wọ́n tún ní, ṣé kí àwọn rẹ́rìn-ín?

*Misbaudeen ń kọ ọ̀rọ̀…*



*Misbaudeen ń kọ ọ̀rọ̀…*