Etí Méjèèjì Rao Dexiang

Gbogbo ayé ló ya Rao Dexiang ní fọ́tò tán, àfi fọ́tò kan ṣoṣo tí òun fúnra ẹ̀ ń tọrọ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Peiyun, ló fà á. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí àánú ẹ̀ tó ṣe mí.

Iṣẹ́ amọ̀nà ni Peiyun ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ní Fuzhou, nílẹ̀ Ṣáínà, ló gbà á pé kó máa mú àwọn àlejò gba ojú ọ̀nà tí òyìnbó ayàwòrán kan, Máklín, gbà gòkè odò Min láyé àwọn ọba Qing, nígbà tí kámẹ́rà ṣì tóbi tó àpótí aṣọ, tí wọ́n ń fi gíláàsì ya fọ́tò, tí ọkùnrin ṣì ń di irun gígùn kan sẹ́yìn orí. Àwọn àlejò á wọkọ̀ ojú omi, wọ́n á dúró níbi tí Máklín ti dúró, wọ́n á gbé fọ́tò àtijọ́ sókè níwájú òkè tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á sì ya tiwọn. Àwọn kan nínú wọn a tiẹ̀ máa sunkún. Ẹkún kí ni? Èmi ò mọ̀. Àmọ́ Lutou, abúlé wa, ni gbogbo ìrìn náà ń já sí, torí níbẹ̀ ni Máklín ti ya fọ́tò tó gbayì jù lọ nínú gbogbo èyí tó yà: bàbá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, tó kọ ẹ̀gbẹ́ síni, tó ń mu tábà, tí òjìji sì bo apá kan ojú ẹ̀. Bàbá tó bí bàbá bàbá Dexiang nìyẹn. Inú ilé yẹn náà ni Dexiang ń gbé.

Ọ̀gá Peiyun, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Miao, ló ronú kàn án pé kí Dexiang máa jókòó síbi tí baba-ńlá ẹ̀ jókòó sí. Wọ́n rán aṣọ àkísà fún un, wọ́n fún un ní ìkòkò tábà, wọ́n ní kó kọ ẹ̀gbẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá náà gbádùn ẹ̀. Á jókòó, á máa fi èdè abúlé wa bú àwọn àlejò, pé ẹ wo ìdí wọn bí apẹ̀rẹ̀ tíì, àwọn náà á sì máa rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń kí àwọn káàbọ̀ ni. Àwa tá a gbọ́ èdè á sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín ní tiwa.

Nígbà tó yá, àìsàn dé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, èémí ẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí àgbà ṣe ń múra lọ́dọ̀ wa. Pósí ẹ̀ ti wà lókè àjà tipẹ́. Aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín ti wà nínú àpótí, ó sì máa ń kó o síta sá sóòrùn kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Fọ́tò ló kù. Fọ́tò tí àwọn ọmọ máa kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, tí wọ́n á sì gbé kọ́ ara ògiri lẹ́yìn náà láti máa jó tùràrí fún. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kọjú síni tààrà, kí ojú méjèèjì hàn, kí etí méjèèjì hàn. Bí etí kan ò bá hàn, ìlàjì èèyàn lẹ gbé kọ́ yẹn. Ọmọ kì í sì í ya á fún òbí ẹ̀, bí ìgbà tó ń sọ fún un pé kó tètè máa lọ ni. Ará ìta ló ń ya á. Ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ tó máa ń bá gbogbo wa ṣe é, àmọ́ ó ti kógbá wọlé látìgbà tí olúkúlùkù ti ní fóònù.

Bí bàbá náà ṣe dojú ọ̀rọ̀ kọ ọmọ ẹ̀ nìyẹn.

“Peiyun, àwọn àlejò ẹ tó ń bọ̀ yẹn, sọ fún ẹnì kan nínú wọn kó ya mí dáadáa. Kí n kọjú sí i. Kí etí mi méjèèjì hàn.”

“Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ ń kánjú fún? Ara yín le ju tèmi lọ.”

“Irọ́ lò ń pa. Láàárọ̀ yìí, ta ló wọ ṣòkòtò fún mi?”

“Ó dáa, mo ti gbọ́. Àwọn tó ń bọ̀ yìí, màá sọ fún wọn.”

Kò sọ. Àwọn yẹn lọ, àwọn mìíràn dé, kò tún sọ. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la. Bó ṣe wá yé mi ni pé ẹ̀rù ló ń bà á. Lójú tiẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ya fọ́tò yẹn ni ikú máa mọ̀nà ilé wọn. Ikú tó ti fa àga, tó ti jókòó ti bàbá ẹ̀ tipẹ́! Ojú sì tún ń tì í. Báwo ló ṣe máa sọ fún àwọn àlejò tó rí owó san pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Máklín yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ bá mi ya fọ́tò òkú?

Bàbá náà ò yéé sọ ọ́. Tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́, á gbé ṣíbí sílẹ̀ sínú abọ́ kókò, á na ọwọ́ sí fọ́tò Máklín tí Miao fún wọn, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri.

“Òyìnbó yẹn gé baba-ńlá mi sí méjì. Ó kó ìlàjì kan lọ sílùú wọn, ìlàjì kejì kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ń gbénú ilé ẹ̀, mi ò mọ ojú ẹ̀. Ìwọ náà sì ti ń gé mi báyìí.”

“Bàbá, ẹ jẹun.”

Ìgbà tó di àsìkò ìkórè, ìròyìn kan dé abúlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti ìlú ń bọ̀ wá ya àwọn àgbà ní fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tá a fi ń bọlá fún àgbà. Gbọ̀ngán ìdílé Rao ni wọ́n máa dúró sí, wọ́n á gbé aṣọ pupa kọ́ sẹ́yìn, wọ́n á sì tẹ fọ́tò náà jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo bí ara Dexiang ṣe yá gágá! Ó ránṣẹ́ sí onígbàjámọ̀. Ó wẹ̀. Ó wọ aṣọ búlúù dúdú tí bọ́tìnnì ẹ̀ gùn dé ọrùn, ó fi omi tẹ irun etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí etí lè hàn. Àbúrò ẹ̀, Dekun, wá mú un lọ́wọ́ kí wọ́n jọ máa lọ.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà ni Peiyun yọ láti etí odò, àwọn àlejò rọ́ tẹ̀ lé e. Ó rí bàbá ẹ̀ nínú aṣọ búlúù.

“Bàbá, níbo lẹ ń lọ? Àwọn àlejò ti dé!”

“Wọ́n ń ya fọ́tò ní gbọ̀ngán. Jẹ́ kí n lọ dé.”

“Oòrùn ò ní dúró. Ìsinsìnyí ló wà níbi tó wà nínú fọ́tò Máklín. Tó bá ti kọjá òrùlé, ó bùṣe. Wọ́n ti rìn gbogbo odò nítorí èyí nìkan. Bàbá, díẹ̀ péré. Mo bẹ̀ yín.”

Dekun ò lè gba ìyẹn mọ́ra. “Peiyun, ṣé orí ẹ pé? Bàbá ẹ nìyí tàbí ère? Kí àwọn àlejò ẹ lọ ya ewúrẹ́!”

“Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi pariwo níwájú wọn. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngán ò lọ síbì kankan. Fúnra mi ni màá gbé Bàbá débẹ̀.”

Wọ́n ń wo ẹnu Dexiang. Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ búlúù náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì jẹ́ kí Peiyun bá a tú u. Dekun pòṣé, ó dá nìkan gba gbọ̀ngán lọ.

Díẹ̀ péré tó wí kì í ṣe díẹ̀. Oòrùn wọ inú ìkùukùu, wọ́n ní kí wọ́n dúró dè é. Obìnrin kan láti Shanghai ní irun bàbá ti mọ́ jù, wọ́n da á rú. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn rìn wá, ó di àgbọ̀n bàbá náà mú, ó yí ojú ẹ̀ sí ògiri sí i, bí ẹní ń yí ìkòkò. Peiyun rí i. Ó fojú ara ẹ̀ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkùnrin náà, nítorí rírẹ́rìn-ín sí wọn wà lára iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ṣì ń bí mi nínú jù lọ títí dòní.

Nígbà tó fi máa gbé bàbá ẹ̀ dé gbọ̀ngán, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti gba orí òkè lọ sí abúlé kejì. Bẹ́ǹṣì ló kù nílẹ̀. Àwọn àgbà jókòó káàkiri, wọ́n ń fi fọ́tò wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, pé ìwọ dà bí olè, ìwọ dà bí ìyàwó tuntun. Bí wọ́n ṣe rí Dexiang, wọ́n yára dojú fọ́tò wọn délẹ̀. Dekun fi tiẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

“Mú un wá, kí n wò ó,” Dexiang wí.

Dekun mú un jáde. Bàbá náà wò ó pẹ́.

“Ó jọ ẹ́,” ló sọ, ó sì ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé.

Látọjọ́ náà, kò mẹ́nu ba fọ́tò mọ́. Peiyun ló wá ń sọ ọ́. Á kúnlẹ̀ ti ibùsùn, á ní, “Bàbá, àwọn tó ń bọ̀ yìí, mo fi ọlọ́run búra.” Bàbá ẹ̀ á ní, “Ṣé o ti jẹun?” Á ní, “Bàbá, mo ti bá ọkùnrin kan nílùú sọ̀rọ̀, ó máa wá sílé wá yà yín.” Bàbá ẹ̀ á ní, “Lọ jẹun.” Òjò òtútù bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà orí òkè ń yọ̀, ọkùnrin ìlú náà ń fi wọ́n sí ọjọ́ iwájú. Kó tó dé, Rao Dexiang ti kú.

Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Peiguang, tó ń gbé ní Quanzhou, wọlé tòun ti ẹkún. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi àbúrò ẹ̀ ni, “Fọ́tò Bàbá dà?”

Peiguang tú àpò bàbá ẹ̀, ó yọ káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ jáde. Ojú tó wà lára káàdì náà ti pa rẹ́ nínú àpò ṣòkòtò, imú ló kù. Ni Peiyun bá gbé fóònù ẹ̀, ó ránṣẹ́ sí gbogbo àlejò tó ti mú wá rí. Ká má purọ́, wọ́n ṣe èèyàn. Wọ́n dáhùn láti Shanghai, wọ́n dáhùn láti Jámánì, fọ́tò ń rọ́ wọlé ṣáá. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí omi á fi bọ́ lójú ẹni: ẹ̀fín tábà, oòrùn lára ìlẹ̀kùn, gbogbo irun àgbọ̀n bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Peiguang ń fi ìka yí wọn lọ, ó ń yí wọn lọ, gbogbo wọn ló kọ ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn ló wọ àkísà.

“Gbogbo ayé ló ní bàbá wa,” ó wí. “Àwa nìkan la ò ní in.”

Wọ́n sáré gbé èyí tó hàn jù lọ bá ọkùnrin ìlú náà. Ó fi kọ̀ǹpútà mú ìlàjì ojú tó hàn, ó yí i po, ó fi rọ́pò ìlàjì tí kò hàn, ó fi kóòtù àti táì sí i lọ́rùn. Ẹ̀gbẹ́ òsì Dexiang kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀ rárá. Igi ọparun ti ta á lójú òsì nígbà èwe, ìpéǹpéjú yẹn ti wálẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì máa ń fà síbẹ̀ tó bá ń bú èèyàn. Kò sí èyí kankan nínú ohun tí ọkùnrin náà tẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó dán, ó gún régé, etí méjèèjì hàn. Wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú aṣọ funfun, pósí wà lẹ́yìn aṣọ náà.

Peiguang àti Peiyun kúnlẹ̀ ti tábìlì bó ṣe yẹ, kí wọ́n lè máa forí balẹ̀ padà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí òkú. Dekun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó tan tùràrí, ó gbé e sókè, ó wo fọ́tò náà. Ó wò ó títí.

“Ta nìyí?”

“Bàbá ni, Bàbá Kékeré,” Peiguang dáhùn.

“Bàbá ta?”

Dekun gbé tùràrí ẹ̀, ó yí tábìlì náà po, ó ká aṣọ funfun sókè, ó lọ forí balẹ̀ níwájú pósí. A gbọ́ tó ń sunkún, tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá, mi ò wo ọkùnrin onítáì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, Peiguang dìde, ó tẹ̀ lé wa lọ sẹ́yìn.

Ó ku Peiyun nìkan lórí eékún. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá bàbá ẹ̀ sọ. Ó ti ń kó o jọ látọjọ́ gbọ̀ngán yẹn, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ sọ fún un pé òun rí ọwọ́ tí ọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn fi yí ojú ẹ̀, òun rí i, òun sì rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè sí orí tábìlì. Ọkùnrin onítáì yẹn ń wò ó. Kò rí ẹni tó máa bẹ̀.