Bí Gbádéyan Ṣe Kọ́ Bí A Ti Í Dákẹ́

Ní ọdún 1982, gbogbo àdúgbò Gawon Nama ní Sókótó ló mọ̀ pé Gbádéyan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ iṣẹ́ fọkanáísà. Gbogbo wọn náà ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ gbóná ju irin tó fi ń lẹ táyà lọ. Bí oníbàárà bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni táyà òun máa ṣe tán, Gbádéyan á ju táyà náà sójú títì, á ní kó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ kó bá a lẹ̀ ẹ́. Àwọn Hausa á mi orí, wọ́n á ní, "Haba, Gbade," wọ́n á sì tún padà wá, nítorí táyà tí Gbádéyan bá lẹ̀ kì í jò mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ṣe oníbàárà. Lọ́jọ́ tí Gbádéyan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Táwà, ìyàwó rẹ̀, jù sínú òjò nítorí pé oúnjẹ pẹ́, Táwà kò bá a jà. Ó nu ẹ̀rọ náà, ó di ẹrù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tàjùdéèn lọ ní Kofar Marke. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fi sílẹ̀: "Ọjọ́ tí ẹ bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kí ẹ tó bínú, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Oṣù kan kọjá, méjì kọjá, ilé wá tutù. Gbádéyan ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì sunkún.

Lísì, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló sọ fún un nípa Mista Pẹrẹ́rà. Ará orílẹ̀-èdè Síri Láńkà ní Éṣíà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní ẹ̀kọ́ Búdà ní gbọ̀ngàn àwùjọ tó wà ní Minanata: bí a ti í jókòó, bí a ti í mí, bí a ti í wo ọkàn ara ẹni. Lísì ní ẹ̀fọ́rí ló gbé òun débẹ̀, ẹ̀fọ́rí náà sì ti lọ.

"Ṣé kì í ṣe òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀?" Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Gbádéyan, ó sì fẹ́ mọ̀ dájú.

"Ẹní la máa ń tẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ẹní lásán."

Mista Pẹrẹ́rà ní kí wọ́n máa ka èémí láti ení dé ẹ̀wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Gbádéyan kà á dé ẹ̀rin, ó rántí ọkùnrin kan tó gbé jáàkì rẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá, ó sì ṣépè fún un ketekete láàárín gbọ̀ngàn. Olùkọ́ kò bá a wí. Ó ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ó ní bí ìbínú bá dé, kí wọ́n máa wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Èyí le fún Gbádéyan, nítorí láti ọjọ́ tó ti ń lẹ táyà, kò gbàdúrà rí pé kí ọkọ̀ kọjá.

Síbẹ̀, ó tẹpá mọ́ ọn. Ìwé pélébé tí olùkọ́ ń pín fún wọn, ó ń kà á nídìí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń sọ káàkiri Gawon Nama pé kò sẹ́ni tó ní sùúrù tó òun ní gbogbo Sókótó, ẹni tó bá sì ní irọ́ ni, kó bọ́ síta. Ó wá ránṣẹ́ sí Táwà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Tàjùdéèn mú àbúrò rẹ̀ wá. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, àgbà àwọn ará Ìlọrin ládùúgbò wọn, bá wọn wá. Táwà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ mọ bí a ti í dá ìyàwó padà sílé ọkọ. A kì í kàn já a jùúlẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Àwọn àna á kọ́kọ́ bú ọkọ dáadáa, kí ojú lè tì í. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, á ní kí wọ́n má bínú. Àgbà á ní ó tó, dìde. Ìyàwó á gbé ẹrù wọ yàrá. Èébú yẹn ni ilẹ̀kùn, ọmọ àná mọ̀ ọ́n. Gbádéyan náà mọ̀ ọ́n, kó tó di ọlọ́gbọ́n.

Tàjùdéèn bẹ̀rẹ̀. "Gbádéyan, o ò mọ iyì èèyàn. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi fi ń jẹun lo gbé jù sínú òjò. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé yín nìyẹn?"

Ìbínú ta Gbádéyan láti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó ní ìdánwò ti dé, òní ni Táwà máa rí ẹni tí òun ti dà. Ó ká ẹsẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dijú. Ení. Èjì.

Tàjùdéèn bú u dé orí ìdílé. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.

"Gbádéyan," ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì wí, "àwa là ń bá ọ sọ̀rọ̀ o." Àrún. Ẹ̀fà.

"Ẹ dákun, ọkọ mi, ẹ dá Bàbá lóhùn." Táwà nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ Gbádéyan débi pé omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ọkàn le. Ó kà á dé ẹ̀wá. Ayọ̀ ò jẹ́ kó dúró, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Nígbà tó lajú tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn àgbà ti jáde. Táwà nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ń pariwo mọ́ mi," ó ní, "ó kéré tán, ẹ mọ̀ pé mo wà nílé. Lónìí, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dijú." Ó yí padà, ó bá àwọn ará ilé rẹ̀ lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Gbádéyan fi ń kùn. Ó fún wọn ní sùúrù, wọ́n pè é ní àfojúdi. Nígbà tó di Sátidé, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún olùkọ́, ó sì ń retí kí olùkọ́ yìn ín.

Mista Pẹrẹ́rà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Nígbà tí ìyàwó yín ń bẹ̀ yín, báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Mi ò wò ó. Mo dijú, bí ẹ ṣe kọ́ wa."

"Mo kọ́ yín láti máa rí ohun tó wà níwájú yín. Ẹ wá fi ṣe ibi tí ẹ ń sá pamọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Gbádéyan wọra. Ó bínú dìde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó fẹsẹ̀ rìn láti Minanata dé Kofar Marke. Tàjùdéèn jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Gbádéyan dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú."

Tàjùdéèn dijú, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Ìlẹ̀kẹ̀ ń dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbádéyan gbìyànjú láti ka èémí rẹ̀, kò lè kà á dé èjì. Ẹ̀rù bà á. Kò mọ̀ rí pé èèyàn lè wà nílẹ̀ níwájú ẹnìkejì, kó sì dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bú mi."

Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn tún dún, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ohùn Táwà wá jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá ọkọ mi lóhùn."