Èbu Inú Egungun

Dókítà egungun náà kọ́kọ́ rò pé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ń bá òun ṣeré ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá fojú ara yín wò ó," obìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó gbójú lé ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ohun tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó yọ ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún. Dókítà gbójú sókè.

"Èbu nìyí."

"Èbu ni, sà. Inú egungun tí ẹ bù lẹ́yìn Màmá Oníbúrẹ́dì ló ti hù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe kí n tó pè yín."

Oṣù mẹ́jọ ni dókítà yìí ti ń fún màmá náà lóògùn ikọ́ ife tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn. Fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ọ́, ibà ìrọ̀lẹ́ jọ ọ́, bó ṣe ń rù náà jọ ọ́. Kò bu egungun wò títí ẹsẹ̀ òsì màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìka ka oṣù bí ọmọdé tó ń kọ́ ìṣirò.

Ó wọ wọ́ọ̀dù lọ. Kò jókòó.

"Màmá, mo ṣì í. Kì í ṣe ikọ́ ife. Èbu ló wọ inú egungun yín. Ó yẹ kí n ti bù ú wò láti oṣù kìíní."

Ọmọbìnrin màmá, tó jẹ́ tísà, gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Oṣù mẹ́jọ, dókítà." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun dókítà wọ akínyẹmí ara.

Màmá tẹjú mọ́ àjà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń da búrẹ́dì tó bá hu èbu nù. Ṣé èmi náà ti di dídànù nìyẹn?"

"Rárá o, mà. Ó lóògùn."

"Níbo ni màmá ti kó o?" tísà bi í.

"Gbogbo wa là ń mí in sínú. Oògùn tí màmá ti ń lò látọjọ́ yìí nítorí èémí tó ń há wọn ni kò jẹ́ kára wọn lè bá a jà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n là á lẹ́yìn, wọ́n ha ibi tó ti jẹrà kúrò, wọ́n fi irin gbé ọ̀pá ẹ̀yìn ró. Oògùn ikọ́ ife tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ì bá sọ oògùn èbu oníhóró di omi lásán, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń fa èyí tó jẹ́ olómi sí i níṣan. Oògùn ọ̀hún a máa mú un gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì a máa dún. Lẹ́yìn náà ló fi ọdún kan lé ní oṣù méjì gbé hóró mì.

Ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ òsì kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Bó bá wá gba àyẹ̀wò, màmá a máa bi dókítà pé, "Aláìsàn tó jáde yẹn, ṣé ẹ bu egungun tiẹ̀ wò?" Dókítà a rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ a sì já. Tísà tó máa ń sin màmá wá kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ohun tí dókítà bá bi í nìkan ló máa ń dáhùn.