Ohun Tí Bàbá Kọ Sára Táńkì

Adépéjú fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ọ̀kadà rẹ̀ nílé ní Àkúrẹ́, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù bó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi yìn ín rí.

Oúnjẹ adìẹ ló ń tà. Ọ̀kadà náà ló fi ń gbé àpò lọ fún àwọn oníbàárà títí dé Ìgbàrà-Òkè. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ohun yòókù tó mọ̀, ojú ló fi kọ́ ọ. Bí mẹkáníìkì bá ń ṣiṣẹ́, á dúró tì í, á máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Bí nǹkan náà bá tún bàjẹ́, kò ní gbé e padà wá mọ́. Kò fẹ́ràn ẹlẹ́nu dídùn. "Ẹnu kì í tú nọ́ọ̀tì," ló máa ń wí.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Akíntóyè, ń gbé ní Oǹdó. Òun ló ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kí fúlẹ́ẹ̀sì, pátákó ọ̀rá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó dé, Bàbá Oníbúrọ́ọ̀ṣì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Fúlẹ́ẹ̀sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ orí sì ń bá a du ojú. Wọ́n ti já gbogbo pátákó rẹ̀ sọ nù. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni èyí tó fi ọ̀dà yẹ́lò kọ sára táńkì Adépéjú: ADÉPÉJÚ KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ. Bàbá yìí kì í yin ọmọ. Lọ́jọ́ tí Adépéjú ka gbólóhùn náà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, kò sì jáde títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Láti ìgbà náà, bó bá ti dé Oǹdó, bàbá á fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀dà náà ga díẹ̀ lára irin. Á ní, "Ó ṣì wà." Ìyẹn ni ìkíni wọn.

Ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn, Modúpẹ́ aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń fi orúkọ ọmọ pè é, ló bá a di ọwọ́ bíréèkì mú.

"Ìyá Precious, ẹ ò ṣe gbé e lọ fún mẹkáníìkì?"

"Kí ló fẹ́ ṣe tí ọwọ́ mi ò lè ṣe? Tẹ̀ ẹ́. Má tíì fi sílẹ̀."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, bí bíréèkì yìí ò bá mú, ẹ má fi gbé mi o."

"Ta ló fẹ́ gbé ọ? Ìdí rẹ nìkan ju àpò oúnjẹ méjì lọ."

Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adépéjú fi sípánà tú ihò kékeré tó wà nídìí táyà iwájú, ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn jáde, ó dúdú bí omi ewé tó ti kan. Ó ń ti ihò náà, ó ń tú u, ó ń da tuntun sí i lókè, títí atẹ́gùn fi tán nínú rẹ̀ tí ọwọ́ bíréèkì sì le gírígírí. Iṣẹ́ náà dára. Kò sẹ́ni tó lè ní kò dára.

Ó wá ku díẹ̀ nínú ike. Adépéjú kì í da nǹkan nù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àwọn ọlọ́kadà fi ń ra ara ọ̀kadà kó lè máa dán. Lójú tirẹ̀, ọ́ìlì ni ọ́ìlì.

"Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike yẹn ná," Modúpẹ́ wí.

"Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ọlọ́jà." Ó da ọ́ìlì náà sórí àkísà, ó fi ra táńkì. Táńkì náà dán gbinrin. Oníbàárà dé, ó lọ wọn oúnjẹ fún un.

Nígbà tó padà dé, ọ́ìlì bíréèkì ti jẹ ọ̀dà náà, ojú rẹ̀ hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tútù. Ó sáré fi àkísà nù ún. Yẹ́lò náà tẹ̀ lé àkísà. Ó tún nù ún. Ìgbà tó fi máa ké pe Modúpẹ́ kó bu omi wá, irin lásán ló kù. Modúpẹ́ wò ó, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn dùn ún ju ẹ̀rín lọ.

Kò dé Oǹdó fún oṣù méjì. Nígbà tí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ra ìbòrí awọ dúdú fún táńkì, ó sì gbéra. Lójú ọ̀nà, ní ìsàlẹ̀ Òwénà, bí bíréèkì ṣe ń mú ṣinṣin ń bí i nínú.

Bó ṣe dé, bàbá na ọwọ́ sí táńkì, ó kan ìbòrí.

"Kí nìyí?"

"Awọ ni, Bàámi. Kí òòrùn má bàa ba ọ̀dà jẹ́."

"Tú u."

Ó tú u. Ìka bàbá lọ, ó bọ̀, kò rí nǹkan kan.

"Mẹkáníìkì kan ló da ọ́ìlì sí i," Adépéjú wí.

"Ìwọ tí o kì í gbé ọ̀kadà fún mẹkáníìkì?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni, Bàámi."

Bàbá kò bú u. Ì bá sàn bó bá bú u. Ó ní, "Gbé àpótí mi wá. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Àwọn búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ó wé wọn mọ́ aṣọ. Gbogbo ìgbà ló ń fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, nítorí ó dá a lójú pé bí iṣẹ́ bá dé, òun á ṣe é. Adépéjú mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n bó bá ń jẹun. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ojú tì í, ó kàn bá a ṣí agolo ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ àpótí ni.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́. Èkejì ṣàn dé ìsàlẹ̀ táńkì. Ọ̀gbẹ́ni Oríọlá, ará àdúgbò kan tó ń kọjá lọ, kígbe pé, "Bàbá Oníbúrọ́ọ̀ṣì! Ẹ ṣì ń ṣe é! Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó gbé ojú sún mọ́ ohun tó kọ, ó wò ó pẹ́.

"Nù ún."

"Bàámi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó dára."

"Mo ní kí o nù ún."

Ó fi kẹrosíìnì nù ún. Bàbá kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì jọ, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. "Máa fi fọ ẹ́ńjìnnì rẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kí i ní Bàbá Oníbúrọ́ọ̀ṣì, á ní onítọ̀hún ṣìlé.