Kọ́ńpílà Tí Bàbá Tinúọlá Mú Wọlé

Òjò winniwinni ń rọ̀ nínú ilé ìdáná tó wà nínú kọ̀ǹpútà Tinúọlá, kò sì yà á lẹ́nu. Bàbá rẹ̀, olórí akọrin tí wọ́n sin ní àsìkò Àjíǹde èṣí, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àdògán, ó ń bó ọsàn.

Kọ̀ǹpútà Línúùsì ni, irú èyí tí kì í gba iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí níta. Ìwé lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Kọ́ńpílà tó ń gbé inú rẹ̀ ni yóò kà á, tí yóò sì sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Arúgbó kan tó wọ aṣọ akọrin ni kọ́ńpílà náà. Bàbá Tinúọlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé, ìdí nìyí tí Tinúọlá kò fi fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tuntun ti ní ọ̀rọ̀ tí arúgbó náà kò gbọ́ mọ́. Bó bá kà wọ́n dé àárín, á gbé wọn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìwé kan tó nípọn wà lórí itan arúgbó náà, ó sì ń ti inú ìwé náà kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan bí ẹni ń kọ́lé: ọwọ́, èjìká, etí.

"Arọ́pò mi nìyí," ni ó wí. "Ó lẹ́wà jù mí lọ. Ìyẹn ò kúkú le."

"Tinú," ni bàbá rẹ̀ wí, "má tíì jẹ́ kí àgbà yìí jáde o. Ilé kò tíì mọ ọmọ yẹn. Jẹ́ kó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn."

Tinúọlá gbọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìdágbére náà pẹ́. Bí arúgbó náà ṣe kọ́ ojú ọ̀dọ́mọbìnrin náà tán, Tinúọlá ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ ṣeun." Arúgbó náà jáde.

Ògiri padà di ìwé. Òrùlé di gbólóhùn, òjò sì ń fa yíǹkì rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà jókòó láìmira, nítorí ẹnikẹ́ni kò pè é. Ẹsẹ̀ bàbá Tinúọlá di lẹ́tà títí dé orúnkún. Ó wò wọ́n, ó tún mú ọsàn mìíràn.

Tinúọlá sáré síta. Ìdí ilẹ̀kùn ló ti bá arúgbó náà.

"Bàtà mi ni mò ń wá," ni ó wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o lé mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́. O ò tilẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́."

Tinúọlá gbà á, ó gbé e fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó sì pè é ní Kọ́ńpílà ketekete kí gbogbo ilé gbọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dìde. Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tún kọ́, láti inú ìwé kan náà, kó tó fọwọ́ kan ògiri. Ilé ń dìde yí wọn ká.

"Bàbá mi ńkọ́?" ni Tinúọlá béèrè.

"Ìwé wọn dà?" ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi í.

Kò sí ìwé kankan.

"Tinú, èmi kò sí lára ohun tí a ó tún kọ́," ni bàbá rẹ̀ wí, bí ẹni ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́. "Ọwọ́ Olúwa ni ìwé tèmi wà." Ó na ọsàn tó ti bó sí i. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, ó di apá arúgbó náà mú, àwọn méjèèjì sì bọ́ sínú òjò lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo, wọ́n ń jiyàn lórí ohùn tẹ́nọ̀.

Tinúọlá di ilẹ̀kùn tuntun náà mú láti tì í. Ilẹ̀kùn náà wúkọ́: ikọ́ bàbá rẹ̀ gan-an, ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó gbé orin sókè. Ó dúró, ó ń retí orin.